Ẹni kẹwàá

Ìgò kan, èèyàn mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn ní oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta. Bí o bá ti fi abẹ́rẹ́ gún ìdérí ìgò AstraZeneca báyìí, wákàtí mẹ́fà lo ní. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, dídànù ni, ìbáà jẹ́ ti ẹnì kan, ìbáà jẹ́ ti ẹni mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ka orí kí á tó ṣí ìgò. Ẹni méjì á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n forí tì í, àwọn mẹ́jọ yòókù ń bọ̀. Bó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ọ̀kan á ní òun ń lọ ra búrẹ́dì níwájú. Búrẹ́dì yẹn ló ń rà títí dòní.

Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "Nọ́ọ̀sì" ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan. Àwa la máa ń gbé kúlà kékeré tí yìnyín wà nínú rẹ̀ kọ́ èjìká, tí à ń ti ojúlé dé ojúlé kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, tí à ń fi tàdáwà sàmì sí wọn léèkánná. Ọdún kejìlá mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn nígbà tí kòrónà dé. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ kì í bá wa jà. Bí a bá pẹ́ kí á tó dé gan-an ni wọ́n ń bínú. Mo wá rò pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Bàbá Ìtòkú ló jẹ́ kí n rí i pé mi ò mọ nǹkan kan.

Bàbá Ìtòkú ni àbúrò bàbá mi. Awakọ̀ tírélà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, símẹ́ńtì Ẹwékorò ni wọ́n ń kó lọ sí Ọ̀ṣogbo, Ìlọrin, títí dé Kánò. Ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìtòkú, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀ o. Bí àpò bá ya nínú tírélà, àwọn awakọ̀ yòókù á gbọ̀n ọ́n dà sí títì. Bàbá á gbá a jọ, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e wálé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi gbá símẹ́ńtì jọ kí yàrá mẹ́rin tó dúró. Dòní olónìí, bí ẹ bá da omi mímu nù lójú wọn, wọ́n á wò yín bí ẹni tó jalè.

Ẹwékorò yìí náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wà. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ará Ítálì kan tó ti Milan wọ Èkó, tó sì wá ṣiṣẹ́ ní Ẹwékorò, ti kó àrùn náà. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn alárùn àkóràn ní Yábàá, ara rẹ̀ sì yá níbẹ̀. Ẹni kejì tí wọ́n kéde, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ọ̀kan lára àwọn tó bá ará Ítálì yìí pàdé ni. A ń gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́wọ́ ni Bàbá Ìtòkú bú sẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀kẹ́, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi fa eruku Ẹwékorò símú. Bí wọ́n bá la àyà mi, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ṣé ikọ́ òyìnbó kan ló wá fẹ́ pa mí?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kónílé-ó-gbélé dé. Ìjọba àpapọ̀ ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá tìlẹ̀kùn láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Ìpínlẹ̀ wa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún tiwa di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, kí àwọn èèyàn lè wá oúnjẹ sílé. Màmá Ìtòkú, ìyàwó Bàbá, tí wọ́n ń ta àdìrẹ lọ́jà Ìtòkú, ò rí kọ́bọ̀ pa ní gbogbo àsìkò náà. Wọ́n ní ìrẹsì ìrànwọ́ ń bọ̀. Ó di oṣù Kẹwàá kí ìrẹsì tó yọjú, kì í sì í ṣe ìjọba ló gbé e wá: àwọn èèyàn ló já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí wọ́n bá a níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Àwọn gómìnà ní àwọn ò tíì pín in tán ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tí ebi pa lóṣù Kẹrin.

Mo fẹ́ sọ ti oṣù Kìíní ọdún 2021 ní kíákíá, nítorí kò rọrùn lẹ́nu mi. Ìgbì kejì àrùn náà ti gbalẹ̀ nígbà yẹn. L'Ékòó, Gómìnà Sanwó-Olú fúnra rẹ̀ sọ ọ́ síta pé ọsibítù Yábàá tó ń lo sìlíńdà ọ́síjìn 70 lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń lo 350. Odò Ògùn ń ti ọ̀dọ̀ wa ṣàn lọ sí Èkó. Àìsàn ní tirẹ̀ ń ti Èkó ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá Màmá Ìtòkú fínra tipẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, èémí wọn ò délẹ̀ mọ́. Bàbá gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀, èmi náà kó sí i.

Ọsibítù àkọ́kọ́, géètì ò ṣí. Ọlọ́dẹ ló yọjú, ó ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìkejì ní kí á lọ ṣe àyẹ̀wò kòrónà wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan Màmá, bẹ́ẹ̀ ó di ọjọ́ Ajé kí ibi àyẹ̀wò tó ṣí. Ìkẹta gbà wá wọlé. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago mẹ́rin ìdájí, sìlíńdà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní, ọkùnrin kan ló wà lórí rẹ̀. A jọ ń wo ọkùnrin yẹn. Mi ò fẹ́ sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń wò ó.

Mi ò ní í dárúkọ ọsibítù kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ irú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ara wa ni wọ́n. Mo mọ bó ṣe ń rí kí nọ́ọ̀sì méjì wà lórí ogójì aláìsàn, kí ìbọ̀wọ́ má tó, kí ẹni tó yẹ kó gbà ọ́ lálẹ́ ti fò lọ sí Ìlú Ọba lóṣù tó kọjá. Mo mọ ohun tó ń bẹ lẹ́yìn géètì. Iwájú géètì ni Bàbá wà ní tiwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wọ́n wò fún kòrónà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ lọ Bàbá. Ẹ ò rí bí mo ṣe gọ̀ tó. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ni bàálù gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin wá sí Àbújá láti ilé iṣẹ́ Serum Institute ní Íńdíà, ọjọ́ 6 ni Ààrẹ Buhari àti Ọ̀ṣínbàjò gbà á lójú tẹlifíṣọ̀n, orí mi sì wú. Èmi fúnra mi ti gbà á, ibà mú mi lóru ọjọ́ yẹn, ó sì lọ. Mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ sí Ìtòkú, bí ẹni pé aṣọ yẹn ló máa bá mi sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní Jámánì ti dá a dúró," ni Bàbá wí kí n tó jókòó. Òótọ́ ni. Jámánì, Faransé, Ítálì, gbogbo wọn ló dá AstraZeneca dúró lóṣù yẹn nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì lára àwọn kan, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Mo ní bàbá, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni nínú mílíọ̀nù kan. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ lo mọ iye tó wà nínú mílíọ̀nù. Èmi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní."

Mo yáa dákẹ́. Nígbà tó yá, mo tún gba ọ̀nà mìíràn. Mo ní abẹ́rẹ́ yìí ò sọ pé kí kòrónà má mú èèyàn. Bó bá mú un ni kò ní í jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára débi ọ́síjìn. Mo ní, ẹ̀yin náà rí ohun tí ojú wa rí lóṣù Kìíní. Bí géètì ò bá fẹ́ ṣí, ṣé kò sàn kí á má dé ibẹ̀ rárá? Mo rò pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ tó ní láárí.

"Kì í ṣe kòrónà ló pa Àṣàkẹ́," ni èsì Bàbá. "Géètì ni. Abẹ́rẹ́ géètì wà níbẹ̀?"

Wọ́n tún fi ti Kánò kún un. Wọ́n já símẹ́ńtì níbẹ̀ lọ́dún 1996, ọdún tí àìsàn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, tí ilé iṣẹ́ Pfizer sì dán oògùn Trovan wò lára àwọn kan nínú wọn. Oògùn ni ìyẹn, kì í ṣe àjẹsára, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kú, ẹjọ́ náà pẹ́ nílẹ̀, ó di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà àti ìpínlẹ̀ Kánò tó parí rẹ̀ sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń pe irú ọ̀rọ̀ yìí ní àìmọ̀kan. Kì í ṣe àìmọ̀kan. Bàbá mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Ìgbà náà ni mo rántí apá wọn. Lápá òsì, lókè, àpá roboto kan wà níbẹ̀ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Bupá ni."

"Ta ló bù ú fún yín?"

"Àwọn wolé-wolé. Ilé ìwé ni wọ́n tò wá sí."

Inú mi dùn, mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Ilẹ̀-Gbóná fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ: bí wọn kì í ṣeé dárúkọ Ṣànpọ̀nná lásán nílé bàbá tiwọn, bí àwọn abọrẹ̀ ṣe ń kó ẹrù ẹni tó bá kú, bí Dókítà Sapara ṣe wọ ẹgbẹ́ wọn láṣìírí tó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn ló ń tan àrùn náà kálẹ̀, tí ìjọba òyìnbó sì fòfin dè wọ́n. Bupá ló lé àrùn náà lọ. Ọdún 1970 ni ẹni ìkẹyìn ní i ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1980, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kò sí i mọ́ lórí ilẹ̀ ayé. Mo ní, Bàbá, apá yín ló ń jẹ́rìí ta kò yín yìí.

Bàbá fọwọ́ pa àpá náà. Ohùn wọn rọ̀, wọn ò bínú.

"Wolé-wolé tó bu apá fún mi, òun náà ló ń yọjú sínú àmù ìyá mi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Òun ló ń bá wa jà nítorí pàǹtírí. Ó mọ orúkọ ajá wa. Bó bá ní kí n na apá, mo máa na apá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti wá wo àmù mi láti ìgbà tí mo ti kọ́lé yìí? Ẹni tó fi ìrẹsì mi pamọ́, tó tìlẹ̀kùn mọ́ Àṣàkẹ́, òun ló wá ń fi abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀ mí. Kí ló dé tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí nìkan ló mọ ọ̀nà ilé mi?"

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, pé ó ń sọ ọkùnrin di akúra, pé ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀, pé iná mànàmáná á máa mọ́ níbi tí wọ́n gún. Gbogbo ìyẹn ní èsì. Èyí ò ní. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbà mọ́ pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dá dúró, kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì náà dá dúró níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Bí àwọn dókítà bá ń jiyàn lórí rédíò pé kí ni ká ṣe tí àwọn èèyàn ò fi gba abẹ́rẹ́, kí ni ká ṣe tí ọsibítù fi kún jù, mo máa ń wo rédíò bí ìgbà tí tọkọtaya ń jà láì mọ̀ pé ilé kan náà làwọn ń gbé.

Kò sì jẹ́ kí ohun tí mo gbà gbọ́ yí padà o. Iye tí ìjọba kà pé kòrónà pa ní gbogbo Nàìjíríà kò ju 3,155 lọ títí gbogbo ẹ̀ fi rọlẹ̀, àwọn kan sì ń fi ṣẹ̀sín pé ọ̀kadà ń pa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá yẹ̀ wò là ń kà. Nígbà tí àwọn NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n rí i pé nínú èèyàn 100 l'Ékòó, bíi 23 ni àrùn náà ti kọjá lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ẹnúgù. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ sí iye èèyàn tó wà l'Ékòó. Màmá Ìtòkú ò sí nínú 3,155 yẹn. Ta ni kò mọ ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀?

Ọdún 2021 yẹn gan-an, a ò ran ara wa lọ́wọ́. Ìgbì ńlá kọ lu Íńdíà, wọn ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ jáde mọ́, Àbújá sì pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró bó bá ti lo ìdajì tọwọ́ rẹ̀, kí ìyókù jẹ́ ti ìgbà kejì àwọn tó ti gba àkọ́kọ́. Ìyá alátà kan tí mo ti bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mẹ́rin, aṣọ ẹgbẹ́ ni wọ́n wọ̀. Mo ní kí wọ́n padà sílé, kò sí. Lóṣù Kẹjọ, nígbà tí Delta, ẹ̀yà kòrónà mìíràn, ń jà, àwọn dókítà NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ọsibítù ìjọba, daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù méjì nítorí owó tí wọn ò san fún wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, àmọ́ géètì mìíràn ni.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì wá ní láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá kí òṣìṣẹ́ wọn má wọ ọ́fíìsì láì ní káàdì abẹ́rẹ́ tàbí èsì àyẹ̀wò, bẹ́ǹṣì wa kún. Ẹ bá wa yọ̀? Ó tì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣáà kọ káàdì, ẹ má gún mi." Ọ̀gá kan tó gbé mọ́tò ńlá wá tẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà sábẹ́ ìwé mi. Mo dá a padà, mo sì fi gbogbo ọjọ́ yẹn ronú lórí ohun tí owó náà lè rà. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ 22 oṣù kan náà ni wọ́n kó abẹ́rẹ́ AstraZeneca 1,066,214 lọ sí ààtàn Gosa l'Ábùújá, tí katakata sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Àwọn orílẹ̀-èdè olówó ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré kó bàjẹ́. Bàbá Ìtòkú rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n pè mí lórí fóònù, wọn ò kí mi.

"Mílíọ̀nù kan? Wọ́n da mílíọ̀nù kan nù?"

"Ó ti bàjẹ́ ni, Bàbá."

"Kò bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀." Wọ́n gé fóònù.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́bọ̀ kan, a rí ẹni mẹ́sàn-án àti ẹnì kan tó ní òun ń bọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, mo ṣí ìgò ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Kò bọ̀. Aago méjì ti fẹ́ lù lọ́sàn-án nígbà tí Bàbá Ìtòkú wọlé wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn. Wọ́n bá mi níwájú ìgò, wọ́n béèrè ohun tí mò ń wò. Mo ṣàlàyé.

"Ó ku ti ẹnì kan nínú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bó bá di aago méjì ààbọ̀, ẹ ó dà á nù?"

"A ó dà á nù."

Bàbá pòṣé. Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n wo isàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n dá a padà, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n ká apá bùbá òsì sókè.

"Àwọn ará Àbújá ti da mílíọ̀nù kan nù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ní í da ọ̀kan kún un."

Mo fi òwú nu ibi tí mo fẹ́ gún. Bàbá fọwọ́ bo bupá wọn.

"Má gún un lórí èyí o. Èyí ṣì ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí òfin ṣe wí, wọ́n ń bá àwọn aboyún ṣeré. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa Màmá. Wọ́n gbàgbé káàdì wọn sórí tábìlì mi, tàbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n wá gba ìkejì, mo pè wọ́n láàárọ̀.

"Ẹni mélòó ló wà lórí bẹ́ǹṣì?" ni Bàbá béèrè.

Mo ní ẹni mẹ́fà.

"Ó di ìgbà tó bá ku ẹnì kan."

Ẹni mẹ́jọ la rí lọ́jọ́ náà.